Ìborùn Tí Ìyá Mi Tà ní Ìbíní

Aṣọ ni èdìdì ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí àwọn baba wa ti máa ń wí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìró àti bùbá ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin òǹkàwé wa sọ lónìí, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe gèlè, tí àwọn akọrin àti akéwì ti yìn títí ẹnu fi rẹ̀ wọ́n. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa aṣọ tí obìnrin máa ń fi lé gbogbo aṣọ wọ̀nyí lórí lẹ́yìn tí ó bá ti múra tán, èyíinì ni ìborùn, ìpèlé, ìbojú àti àwọn ìbátan wọn tí àwọn obìnrin Mùsùlùmí ń lò. Ìdílé tí wọ́n ti ń tà wọ́n ni a bí mi sí. Ìborùn ni ìyá mi tà ní Ọjà Ọba ní ìlú Ìbíní fún ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Èrè orí rẹ̀ ni ó fi ran baba wa lọ́wọ́ láti san owó ilé-ẹ̀kọ́ mi àti ti àbúrò mi obìnrin. Ọ̀rọ̀ ìborùn yìí kan náà ni ó sì kù díẹ̀ kí ó tú òun àti àbúrò mi ká.

Ní ọdún 1971 ni àwọn òbí mi kó kúrò ní Ìwó lọ sí Ìbíní. Igi gẹdú pọ̀ nínú igbó agbègbè náà, àwọn ilé ìlàgi sì ń wá akọ̀wé tí ó mọ ìṣirò. Iṣẹ́ yìí ni baba mi bá lọ. Ìpínlẹ̀ Àárín-Ìwọ̀-Oòrùn ni ibẹ̀ ń jẹ́ nígbà tí wọ́n dé. Ní 1976 orúkọ rẹ̀ di Bendel, ní 1991 a sì pín in sí méjì, Ẹdó àti Delta. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn orúkọ wọ̀nyí tí ó ṣí ìsọ̀ ìyá mi nípò. Láti 1972 títí di 2005, ibẹ̀ ni ó wà, láàárín obìnrin Ẹdó kan tí ń ta iyùn àti obìnrin Ìjẹ̀bú kan tí ń ta àǹkárá. Ìyá Oníborùn ni gbogbo ọjà mọ̀ ọ́n sí. Nígbà tí ó ti Mẹ́kà dé ní 1984 ni wọ́n tó fi Àlàájà ṣáájú orúkọ náà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta ni ó máa ń lọ sí Èkó ra ọjà, ní Balógun àti ní Jankara. Ohun tí ó bá rà ni léèsì, ṣífọ́ọ̀nù, àrán tí wọ́n ṣe wajawaja sí létí, àti aṣọ òwú funfun tí a ń gé ní ọ̀pá méjì méjì, tí a ó sì ṣẹ́ létí nílé. Èmi àti àbúrò mi ni a máa ń ṣẹ́tí náà lẹ́yìn ìrun alẹ́. Ìyá wa a pín gbogbo ọjà rẹ̀ sí ọ̀nà méjì: ìborùn ìrun àti ìborùn òde. Ọ̀nà tí ó fi ń mọ èyí yàtọ̀ sí èyí kò ní ìwé nínú. A tẹ́ aṣọ náà sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, a sì na ọwọ́ náà sí ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Bí iṣan ọwọ́ bá hàn lábẹ́ aṣọ, ìborùn òde ni; bí kò bá hàn, a lè fi kírun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ Àlàájà ní Ìbíní ni ó máa ń mú méjèèjì lọ́wọ́ kan, wọn a ká èyí tí ó nípọn sínú àpò ọwọ́, wọn a sì gbé èyí tí ó fẹ́lẹ́ lé èjìká, kí gèlè wọn lè máa hàn lábẹ́ rẹ̀, àti eyín góòlù wọn nígbà tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín.

Kì í ṣe àwọn obìnrin Yorùbá nìkan ni oníbàárà rẹ̀. Àwọn obìnrin Haúsá a máa wá béèrè gyale tàbí mayafi, wọn kò sì fẹ́ léèsì rárá. Aṣọ tí ó gùn, tí ó sì rọ̀, tí wọ́n lè fi wé orí kí wọ́n tún fi bo àyà ni wọ́n ń fẹ́. Àwọn obìnrin Àúchí àti àwọn ìlú yòókù ní Ẹ̀tsàkọ̀, níbi tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti fẹsẹ̀ múlẹ̀ láti ọwọ́ àwọn Nupe, a máa ra ìborùn bíi ti Yorùbá, ṣùgbọ́n aṣọ tí wọ́n hun nílé wọn ni wọ́n máa ń ró mọ́ ìdí. Láàárín ọdún tí owó epo rọ̀bì ń ṣàn, ìjọba gba ọ̀pọ̀lọpọ̀ olùkọ́ láti Íńdíà àti Pakísítánì sí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa, àwọn aya wọn sì ń ná ọjà pẹ̀lú wa. Ìyàwó olùkọ́ ìṣirò kan wà nínú wọn tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Sáàrì ni ó máa ń wọ̀, aṣọ kan ṣoṣo tí ó tó ọ̀pá mẹ́fà tí a kò fi abẹ́rẹ́ kàn. Bí àgbàlagbà ọkùnrin bá ti ń bọ̀, obìnrin yìí a fa etí sáàrì náà láti èjìká gun orí wéré. Obìnrin Pakísítánì kan sì wà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, tí ó máa ń wọ ṣòkòtò àti ẹ̀wù gígùn, tí ó sì gbé aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan kọ́ ọrùn. Ó ní dupatta ni wọ́n ń pè é. Ìyá mi gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́, ó wò ó nínú oòrùn, ó sì dá a padà pẹ̀lú ẹ̀rín: "Ìborùn òde ni. Ẹ wá mú ti ìrun kún un."

Àbí kí ni ó ṣàjèjì nínú rẹ̀? Jọ́ọ̀jì tí àwọn obìnrin Ìbíní, Ìjọ àti Ìgbò ń ró lọ́jọ́ ọdún, láti Madras ní Íńdíà ni ó ti ń wá sí ilẹ̀ yìí láti ayébáyé. Nígbà tí ìyàwó olùkọ́ ìṣirò rí i lórí igbá nínú ọjà, ó dúró, ó fọwọ́ pa á, ó ní aṣọ ilé òun ni èyí. Ìlú Ìbíní pàápàá kì í ṣe àlejò nínú òwò aṣọ. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàdínlógún, aṣọ tí àwọn òyìnbó Dutch rà níbẹ̀ kò kéré, wọ́n sì gbé e lọ tà ní etí òkun ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí. Wọ́n ní láti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ni díẹ̀ nínú aṣọ wọ̀nyí ti dé Ìbíní.

Mo gbọ́dọ̀ sọ díẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀, nítorí pé ẹ̀ka Yorùbá ni ó ni ìwé yìí, òǹkàwé wa kò sì ní dárí jì mí bí mo bá fò ó. Ìborùn wá láti inú bo àti ọrùn, bẹ́ẹ̀ sì ni ìborùn kì í bo ọrùn nìkan. Ìbojú ni èyí tí ó bo ojú. Ìborí ni èyí tí ó bo orí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sì fẹ́ràn láti máa fi ọ̀rọ̀ yìí ṣe àpárá, pé ẹni tí ó bá borí ni ó ṣẹ́gun. Ìpèlé ni èyí tí a lé orí ìró. Àwọn tí ó ti ilẹ̀ Lárúbáwá wọlé wá ni hìjáàbù, jìlíbáàbù àti nìkáàbù. Kùránì dárúkọ kímáàrù nínú Súrà kẹrìnlélógún ẹsẹ 31, ó sì ní kí àwọn obìnrin onígbàgbọ́ fà á bo àyà wọn. Ó tún dárúkọ jìlíbáàbù nínú Súrà kẹtàlélọ́gbọ̀n ẹsẹ 59. Ohun tí àwọn ààfáà ń jiyàn lé lórí ni bí aṣọ náà ti gbọ́dọ̀ gùn tó, àti bóyá ojú wà lára ohun tí a ó bò. Ìjiyàn náà kò tíì parí, n kò sì lè parí rẹ̀ níbí. Ọ̀rọ̀ shawl tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè, ẹ jẹ́ kí n fi kún un, kì í ṣe tiwọn. Láti ilẹ̀ Páṣíà ni ó ti wọ Íńdíà, kí ó tó dé ẹnu wọn.

Àwọn kan sì wà tí ó ń sọ pé àná ni ìbojú dé ilẹ̀ Yorùbá. Irọ́ ni. Ìyá tí ó bí baba mi jẹ́ ẹlẹ́hàá ní Ìwó. Kì í jáde lọ́sàn-án, bí ó bá sì di dandan kí ó jáde, aṣọ dúdú ni yóò bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Inú ilé ni ó ti ń hun kíjìpá lórí òfì obìnrin tí ó dúró ti ògiri, àwa ọmọdé ni a sì ń gbé e lọ sọ́jà fún un. Ní Ìbàdàn, àwọn ọmọ ẹ̀yìn Ṣéù Bàmídélé ti ń fi aṣọ dúdú bo àwọn ìyàwó wọn kí a tó bí ọ̀pọ̀lọpọ̀ àwọn tí ń pariwo lónìí. Àwọn Amadíyyà náà ní ìlànà tiwọn nípa ìbora obìnrin; ní 1921 ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n rán wá láti Íńdíà gúnlẹ̀ sí Èkó.

Ní 1994 ni ọ̀rọ̀ náà wọ ilé wa. Àbúrò mi wà ní ọdún kejì rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga, ó sì ti di ọmọ Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Mùsùlùmí, ẹgbẹ́ tí a dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1954. Nígbà tí ó padà wálé fún ìsinmi, jìlíbáàbù dúdú tí ó gùn dé orúnkún ni ó wọ̀. Ìyá wa wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ìwọ ọmọ yìí, ta ni ó kú?"

"Màámi, kò sí ẹni tí ó kú. Ẹ kú ilé, mà."

Ó kúnlẹ̀ kí i tán, ọ̀rọ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Ìyá wa ní òun ti ń kírun kí a tó bí i, òun ti rí Káábà fi ojú ara òun, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún òun níbẹ̀ pé ìhòòhò ni òun wà. "Ṣé aṣọ tí mo tà tí mo fi rán ọ nílé-ẹ̀kọ́ ni o wá ń pè ní ìhòòhò?"

"Ẹ má bínú, mà, n kò pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ni ẹ kọ́ wa pé kí a tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́. Bí ìborùn òde kò bá tó láti fi kírun, ṣé orí ẹní ìkírun nìkan ni Ọlọ́run ti ń rí wa ni?"

Mo wà níbẹ̀. Mo rí i bí ojú ìyá mi ti rọ̀ wẹ̀sì. Kì í ṣe pé ó kò mọ ohun tí yóò fi dáhùn. Obìnrin tí ó ti ná ọjà fún ogún ọdún kì í pàdánù ọ̀rọ̀. Ohun tí ó dùn ún ni pé inú ìsọ̀ òun gan-an ni ọmọ náà ti mú ìdá tí ó fi bá òun jà. Láti ọjọ́ náà, èmi ni ó ń rán sí i. "Sọ fún àbúrò rẹ pé oúnjẹ ti délẹ̀." Àwọn méjèèjì á sì wà nínú yàrá kan náà.

Ó ní ìbànújẹ́ mìíràn tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n tí a lè kà nínú ìwé ìṣirò rẹ̀. Ìborùn òde kò tà bí ti àtẹ̀yìnwá mọ́. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ń béèrè jìlíbáàbù àti hìjáàbù, àwọn alájàpá tí ó kéré sí i lọ́jọ́ orí sì ti ń gbé e wá. Òun kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò ní ta aṣọ tí ó sọ gbogbo aṣọ òun di asán.

Obìnrin Ẹdó tí ń ta iyùn, tí gbogbo wa ń pè ní Iye, kì í ṣe Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni kò fi bẹ́ẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Òun ni ó kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ tí ó wọ ìyá mi létí. Ní ààfin Ọba Ìbíní, ibì kan wà tí à ń pè ní Erie, níbi tí àwọn ayaba ń gbé ní ìpamọ́, tí ojú ọkùnrin kò gbọ́dọ̀ tó, tí ọwọ́ ọkùnrin kò sì gbọ́dọ̀ kan wọn. Kì í ṣe Ìsìláàmù ni ó gbé àṣà náà dé ààfin. Iye ní, "Àlàájà, bí ọmọ yín bá fẹ́ ṣe bí olorì, kí ni ẹ fi ń bínú sí? Ẹni tí ó fẹ́ kí gbogbo ayé wo òun, ṣebí òun ni ẹ óò máa bá wí?" Ìyá mi kò fèsì. Lójú tèmi, òwe náà kò bá ọ̀ràn mu tán, nítorí pé a ń fi àwọn ayaba sí ìpamọ́ ni, àbúrò mi sì ni ó yan tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Síbẹ̀ mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò bọ́ sílẹ̀.

Ní 1996, nígbà ìdánwò àṣekágbá àbúrò mi, òṣìṣẹ́ kan dá a dúró ní ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn. Ó ní kí ó bọ́ hìjáàbù kí òun lè rí etí rẹ̀ méjèèjì, nítorí pé àwòrán tí ó wà lára káàdì rẹ̀ ṣí etí sílẹ̀. Àbúrò mi bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n wá obìnrin kan tí yóò wò ó nínú yàrá. Ọkùnrin náà kọ̀, ó ní bí kò bá lè bọ́ ọ, kí ó máa lọ sílé. Ọjà ni ó sáré gbà wá. Ó ń sunkún débi pé kò lè sọ̀rọ̀ já geere.

Ìyá wa ti ìsọ̀ rẹ̀ pa. Agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ni, ọjọ́ ọjà sì ni. N kò rí i kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó mú ìborùn léèsì funfun tí ó rà ní Mẹ́kà jáde láti inú àpótí, ó gbé e lé orí gèlè náà, ó sì di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Èmi ni mo wá ọkọ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, kò pariwo. Ó kí òṣìṣẹ́ náà, ó kí ọ̀gá rẹ̀ tí ó jáde wá, ó sì wí pé: "Ọmọ mi nìyí. Èmi ni mo bí i, mo mọ etí rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ọ́n, ẹ pe obìnrin kan kí ó wò ó, kí ẹ sì jẹ́ kí ó jókòó sí ìdánwò rẹ̀. N kò ní kúrò níbí." Wọ́n wò ó, wọ́n wo ìborùn Mẹ́kà tí ó wà lórí rẹ̀, wọ́n sì ránṣẹ́ pe obìnrin akọ̀wé kan. Òun àti àbúrò mi wọ yàrá, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí wọ́n fi jáde. Àádọ́ta ìṣẹ́jú ti lọ nínú ìdánwò náà, ẹnikẹ́ni kò sì fi ìṣẹ́jú kan lé e fún un. Ó yege.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, ìyá wa yíjú sí i fúnra rẹ̀, láìrán mi níṣẹ́. "Aṣọ yẹn ṣì burẹ́wà," ni ó wí. Ìrìn-àjò Èkó tí ó tẹ̀ lé e, jìlíbáàbù méjìlá wà nínú ẹrù rẹ̀. Kò ṣe àlàyé kankan. Àrán ni ó gbé wọn tì, wọ́n sì tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi ti dé iwájú adájọ́ láti ìgbà náà, bí kì í tilẹ̀ ṣe lórúkọ rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó fi ọwọ́ sí òfin tí ó de hìjáàbù ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Ní oṣù keje 2016, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn yí ìdájọ́ náà padà, ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà 2022 sì ni Ilé Ẹjọ́ tí ó ga jù lọ fọwọ́ sí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Mùsùlùmí lè lò ó. Ní oṣù kejìlá 2017, wọ́n kò jẹ́ kí Firdaus Amasa wọlé síbi ayẹyẹ tí a fi ń gba àwọn agbẹjọ́rò tuntun ní Àbújá, nítorí pé ó wọ hìjáàbù sábẹ́ irun àtọwọ́dá àwọn amòfin. Ní oṣù keje 2018 wọ́n gbà á, pẹ̀lú hìjáàbù náà lórí. Ìdájọ́ wọ̀nyí dùn mọ́ mi. Síbẹ̀, bí mo bá ń kà nípa wọn, obìnrin akọ̀wé tí ó wọ yàrá pẹ̀lú àbúrò mi ni mo máa ń rántí. Kò sí òfin kankan lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo sì ní ọ̀rọ̀ kékeré fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin wa tí ó bo ara dáradára. Kì í ṣe ìṣekúṣe ni ìborùn àwọn ìyá wọn. Àwọn tí ó wọ̀ ọ́ ni wọ́n gba ààwẹ̀, tí wọ́n yọ sàká, tí wọ́n rán ọmọ lọ sí ilé-kéú, ní àkókò tí kò sí ẹni tí ń tà wọ́n ní ìbòmíràn. Àwọn tí ó sì ń pe hìjáàbù ní aṣọ àjèjì, kí wọ́n tú léèsì ara wọn wò. Ọ́sítíríà ni wọ́n ti ń hun ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa láti nǹkan bí 1960. Pashmina tí wọ́n ń tà káàkiri ìgboro Ìbíní báyìí, orúkọ irun ewúrẹ́ orí òkè Himalaya ni ó ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò sí irun ewúrẹ́ kankan nínú ọ̀pọ̀ jù lọ wọn.

Ìyá wa fi ayé sílẹ̀ ní 2011. Nígbà tí a ṣí àpótí rẹ̀, ìborùn mọ́kànlélógójì ni a bá níbẹ̀, léèsì, ṣífọ́ọ̀nù, àrán, àti aṣọ òkè méjì tí wọ́n hun ní Ìṣẹ́yìn. Iye, tí ó ti darúgbó púpọ̀, mú ọ̀kan. Àwọn ìyàwó ẹbí mú tiwọn, èmi mú àrán pupa. Àbúrò mi, tí ó ti di olùkọ́ ní Àúchí, kò fẹ́ òmíràn ju ìborùn léèsì funfun tí ó ti Mẹ́kà wá. Mo rò pé yóò kàn fi í pamọ́ ni, nítorí pé ihò pọ̀ nínú rẹ̀ bíi ti àjọ̀. Nígbà tí mo lọ kí i ní ọdún kejì, mo rí i pé ó ti ra aṣọ òwú funfun tí ó nípọn, ó sì ti rán an mọ́ ọn nínú, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ó fi rán an, etí rẹ̀ sì gún bí ìyá wa ti kọ́ wa. Ó mú un jáde sí iwájú ilé, ó tẹ́ ẹ sí ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó nà án sí oòrùn, ó ní kí n wò ó. N kò rí iṣan ọwọ́ rẹ̀ kankan. Ọjọ́ Iléyá ni ó máa ń lò ó lọ sí Yídì.